AS fẹ́ AS: bí ẹ ṣe lè yàn nígbà tí gbogbo ọ̀nà bá ní ẹ̀gún

Ìwé pélébé kan ni, wọ́n ká a sí mẹ́rin. Ọmọbìnrin náà kò tíì tú u tán tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ jókòó tì í, ó ń fi àtàǹpàkò ra igun ìwé tirẹ̀. Èsì àyẹ̀wò jínótáìpù ni, ìyẹn irú ẹ̀jẹ̀ tí èèyàn jogún: AS ló wà nínú ìwé kìíní, AS ló wà nínú ìkejì. Ìgbéyàwó ku ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Wọ́n ti ra aṣọ ẹbí, wọ́n ti san owó gbọ̀ngàn, ìyá ọkọ sì ti ń pe ọmọbìnrin náà ní "ìyàwó mi" láti ọdún tó kọjá. Àwọn méjèèjì gbójú sókè, wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, kí la fẹ́ ṣe báyìí?"

Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, mo sì ti jókòó ti ọ̀pọ̀ irú wọn. (Mo ti yí ohun tó lè mú kí ẹnikẹ́ni dá àwọn wọ̀nyí mọ̀ padà.) Mi ò lè bá ẹnikẹ́ni yàn. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n la àwọn ọ̀nà tó wà nílẹ̀, kí n sì sọ ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa gbà lọ́wọ́ èèyàn, owó ni o, omijé ni o. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ọ̀nà méjì péré ló wà: kí wọ́n túká, tàbí kí wọ́n máa gbàdúrà lọ. Ọ̀nà ju méjì lọ. Kò sí èyí tó dùn nínú wọn, àmọ́ bí wọ́n ṣe korò ju ara wọn lọ yàtọ̀ síra. Àwọn àgbà ní bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ẹni tó máa fi òòbẹ̀ rúbọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ òòbẹ̀ mélòó ló wà nínú àpò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń bá jà.

Inú sẹ́ẹ̀lì pupa ẹ̀jẹ̀ wa ni èròjà kan wà tó ń gbé atẹ́gùn kiri ara. Ìlànà méjì lẹnì kọ̀ọ̀kan ní fún ṣíṣe èròjà yìí: ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. A ni ìlànà tó pé. S ni èyí tí àṣìṣe kékeré kan wọ̀. Ẹni tó bá ní S méjì (SS), sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á máa tẹ̀ kọ́lọ́kọ́lọ́ bíi dòjé, á máa há sínú òpó ẹ̀jẹ̀ tóóró, á sì máa tètè kú. Òun ló ń fa ìrora egungun tí à ń pè ní kíráísísì, òun ló ń fa àìtó ẹ̀jẹ̀, òun náà ló ń fa àrùn rọpárọsẹ̀ (èyí tí òyìnbó ń pè ní stroke) fún ọmọdé. Ẹni tó jẹ́ AS kò ní àìsàn kankan. A tó wà lára rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Kódà, S kan ṣoṣo yẹn máa ń dáàbò bo ọmọdé lọ́wọ́ ibà ẹ̀fọn tó le, gẹ́gẹ́ bí Anthony Allison ṣe fi hàn lọ́dún 1954. Ìdí nìyẹn tí S fi pọ̀ níbi tí ẹ̀fọn pọ̀ sí, tí nǹkan bí ẹnì kan nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin fi jẹ́ AS. Kì í ṣe èpè. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ìdílé ẹnikẹ́ni. Ohun tó gba àwọn baba ńlá wa là lọ́wọ́ ibà ló ń dá wa lóró lónìí.

Àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ, àmọ́ wọ́n rí i. Ọdún 1910 ni dókítà James Herrick ní Chicago tó kọ ohun tó rí nínú ẹ̀jẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá láti erékùṣù Grenada. Yorùbá tiwa ti ń pe àìsàn náà ní fòniku-fọ̀ladìde: ẹni tó jẹ̀rora lónìí bíi pé ẹ̀mí fẹ́ bọ́, tó sì dìde lọ́la bíi pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí wọ́n sọ ní Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrósinmí àti Bánjókòó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé S méjì ló ń bá wọn jà. Kì í ṣe gbogbo àbíkú ni o, ibà àti ìgbóná pa tiwọn náà. Àmọ́ nígbà tí mo bá ń ka irú orúkọ bẹ́ẹ̀ lára káàdì ìwòsàn àwọn àgbàlagbà, mo máa ń ronú nípa ìyá tó bí méjì, mẹ́ta, tí kò sì sẹ́ni tó lè ṣàlàyé fún un. Àwa ní ẹni tó lè ṣàlàyé. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń dàrú mọ́ èèyàn lójú jù ni "ọ̀kan nínú mẹ́rin" tí wọ́n máa ń sọ pé ọmọ AS àti AS lè jẹ́ SS.

Abọ́ kékeré méjì àti ẹyọ ẹ̀wà mẹ́rin wà nínú dúrọ́ọ̀ mi nítorí rẹ̀. Mo gbé abọ́ kan síwájú ọmọkùnrin náà, mo gbé ìkejì síwájú ọmọbìnrin. Ẹ̀wà funfun kan àti ẹ̀wà pupa kan ló wà nínú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Funfun ni A, pupa ni S. Mo ní kí wọ́n dijú, kí kálukú mú ẹyọ kan. Wọ́n la ojú: funfun àti funfun. Ọmọ AA. Mo ní kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n tún mú. Pupa àti pupa. Ọmọ SS. Ojú wọn fà ro. Mo ní kí wọ́n dá a padà, kí wọ́n mú ẹ̀ẹ̀kẹta. Pupa àti pupa. Ọmọkùnrin náà pariwo, "Ẹ̀n-ẹ́n! A ti mú u lẹ́ẹ̀kan!"

Ohun tí mo fẹ́ kó rí gan-an nìyẹn. Ó rò pé bí ọ̀kan nínú mẹ́rin bá ti wáyé, ó ti tán, mẹ́ta tó kù ti bọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. A kì í kó ọmọ mẹ́rin jọ kí a yọ ọ̀kan fún SS. Oyún kọ̀ọ̀kan ń dá dúró. Ọwọ́ tó ń mú ẹ̀wà kò rántí ohun tó mú lánàá. Gbogbo ìgbà tí AS àti AS bá lóyún, ìdá 25 nínú 100 ni pé ọmọ máa jẹ́ SS, ìdá 25 ni pé á jẹ́ AA, ìdá 50 ni pé á jẹ́ AS bíi tiwọn. Bí àkọ́bí bá jẹ́ SS, ìdá 25 kò yẹ̀ fún ìkejì.

Bí a bá wá ṣírò rẹ̀ lórí iye ọmọ, bó ṣe rí nìyí: bí wọ́n bá bí ọmọ méjì, ìdá 56 nínú 100 ni pé kò ní sí SS kankan nínú wọn. Bí wọ́n bá bí mẹ́ta, ó di 42. Bí wọ́n bá bí mẹ́rin, ó di 32. Ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Nínú tọkọtaya AS ọgọ́rùn-ún tó bí ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin, a lè retí pé bí 32 ò ní rí SS kankan. Nítorí náà, aládùúgbò yín tó ní "AS làwa méjèèjì o, a sì bí mẹ́rin, kò sí ohun tó ṣe wọ́n" kò parọ́. Àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Àwọn 68 tó kù wà níbòmíràn, púpọ̀ nínú wọn wà ní wọ́ọ̀dù ọmọdé, wọn ò sì ráyè wá jẹ́rìí fún yín. Ẹni tó sáré kọjá títì láìwo ọ̀tún wo òsì tí mọ́tò kò gbá, orí ló yọ ọ́. A kì í fi ìyẹn kọ́ ọmọ.

Kí ẹ tó sunkún jìnnà, ẹ rí i dájú pé èsì yín tọ̀nà. Àbúrò mi obìnrin gba ìwé ní láàbù kan nígbà tó wà ní yunifásítì: AA. Ó fi ọkàn balẹ̀ lórí ìwé yẹn fún ọdún mẹ́rin. Nígbà tó fẹ́ lọ́kọ ni mo fà á lọ ṣe òmíràn: AS. A ṣe ẹ̀kẹta: AS. Bí ọkọ rẹ̀ kò bá jẹ́ AA ni, mi ò mọ ohun tí à bá máa sọ lónìí. Ẹ ṣe é ní ibi méjì tó yàtọ̀ síra. Bí ẹ bá lè rí ibi tí wọ́n ti ń lo ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní HPLC, ẹ lọ síbẹ̀, ó máa ń ya àwọn irú ẹ̀jẹ̀ náà sọ́tọ̀ kedere. Ẹni tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa ẹ̀jẹ̀ sí lára, kó dúró tó oṣù mẹ́ta, torí ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn ṣì ń bẹ nínú tirẹ̀. Àyẹ̀wò olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n fi ń wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ ń tẹ̀ bíi dòjé kò tó fún ìgbéyàwó, torí ohun tó ń sọ ni pé S wà níbẹ̀ tàbí kò sí, kì í sọ ohun tó wà pẹ̀lú rẹ̀.

Ohun kan tún wà tó kan àwa Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ẹ̀yà Nàìjíríà lọ: C, àṣìṣe mìíràn nínú ìlànà kan náà. Láàárín wa ni C ti pọ̀ jù ní Nàìjíríà. Mo ti rí ọmọkùnrin AC tó ń dunnú pé òun kì í ṣe AS, tó sì ń lọ fẹ́ ọmọbìnrin AS. Ìdá 25 nínú oyún kọ̀ọ̀kan wọn ló lè jẹ́ SC, àìsàn dòjé sì ni SC náà. Lọ́pọ̀ ìgbà kì í le tó SS, àmọ́ ó máa ń ba ojú jẹ́, ó sì máa ń ba orí egungun ìgbáròkó jẹ́. AA nìkan ló lè fẹ́ ẹnikẹ́ni láìsí ewu ọmọ alárùn dòjé.

Ó dáa. Èsì tọ̀nà, AS àti AS ni. Kí ló wà nílẹ̀?

Èkíní ni kí wọ́n túká. Mo mọ̀ pé ó ń dunni débi egungun. Síbẹ̀ mo máa sọ èrò mi láìfi bò: bí ẹ ò bá tíì fẹ́ra, tí ìfẹ́ ò sì tíì ta gbòǹgbò, òun ló fúyẹ́ jù nínú gbogbo ẹrù tó wà nílẹ̀. Ọgbẹ́ ọkàn máa ń jinná. Kò sí ẹlòmíràn tó máa bá yín san gbèsè rẹ̀. Nínú gbogbo ọ̀nà yòókù, ẹnì kẹta wà tó lè san èyí tó pọ̀ jù, ẹni náà ò sì sí nínú yàrá nígbà tí ẹ ń yàn. Ọmọ ni.

Èkejì ni kí wọ́n fẹ́ra, kí wọ́n má bí ọmọ láti ara àwọn méjèèjì. Wọ́n lè gba ọmọ tọ́ lábẹ́ òfin, tàbí kí wọ́n lo ẹyin tàbí àtọ̀ ẹlòmíràn tó jẹ́ AA. Àwọn ènìyàn wa kì í fẹ́ gbọ́ èyí rárá. Mo ti rí ìdílé tó ṣe é tí ayọ̀ kún ibẹ̀, mo sì ti rí ìyá ọkọ tó fi ọ̀rọ̀ ẹnu lé ìyàwó jáde. Bí ẹ̀yin méjèèjì kò bá lè dúró papọ̀ níwájú ẹbí, ẹ má gba ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni IVF pẹ̀lú àyẹ̀wò ọlẹ̀. Wọ́n á gba ẹyin obìnrin, wọ́n á da àtọ̀ ọkọ pọ̀ mọ́ ọn níta ara. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, wọ́n á mú sẹ́ẹ̀lì bíi mélòó kan lára ọlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wo jínótáìpù rẹ̀, èyí tí kì í ṣe SS nìkan ni wọ́n á gbé sínú ilé ọmọ. Àwọn ilé ìwòsàn díẹ̀ ń ṣe é ní Nàìjíríà. Fún ẹni tó fẹ́ bí ọmọ láti ara àwọn méjèèjì, ọ̀nà yìí ló yọ ewu SS kúrò jù láìfi oyún wéwu, òun náà ló sì gbówó lórí jù: ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù náírà fún ẹ̀ẹ̀kan péré, láìsí ìdánilójú pé oyún máa dúró. Àwọn kan ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ọjọ́ orí obìnrin bá ṣe ń ga ni àǹfààní rẹ̀ ń dínkù. Nítorí náà, bí ọ̀nà yìí bá wù yín, ẹ má sún un sọ́jọ́ iwájú. Kẹ́ ẹ sì ṣírò owó ìgbà méjì, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Ẹ̀kẹrin ni kí wọ́n lóyún lọ́nà tí gbogbo ayé ń gbà lóyún, kí wọ́n wá yẹ ọmọ wò nínú ilé ọmọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ 11 sí 14, dókítà lè fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ lára ibi ọmọ. Láti ọ̀sẹ̀ 15 lọ, ó lè fa omi tó yí ọmọ ká. Ní ọwọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́, oyún tó ń bàjẹ́ nítorí àyẹ̀wò yìí kò tó ọ̀kan nínú ọgọ́rùn-ún. Àmọ́ kí ẹ tó ṣe é, ẹ bi ara yín léèrè ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ kì í bi títí èsì fi máa dé: bó bá jẹ́ SS ńkọ́? Òfin tó wà ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ gúúsù Nàìjíríà kò gbà kí wọ́n ṣẹ́yún àfi láti dá ẹ̀mí ìyá sí. Pé ọmọ jẹ́ SS kì í ṣe àwáwí níwájú òfin yẹn. Ní Ìlú Ọba, òfin fàyè gbà á, wọ́n sì ń fi àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ dòjé lọ̀ gbogbo aláboyún ní England, wọ́n fẹ́ kó wáyé kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 10. Àwọn ènìyàn wa ní London àti Manchester, tí ẹ bá gba lẹ́tà ìpè sí àyẹ̀wò yẹn, ẹ má jù ú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹni tí ìgbàgbọ́ tàbí òfin kò gbà láyè láti ṣẹ́yún ṣì lè rí ìwúlò nínú àyẹ̀wò náà: á mọ ilé ìwòsàn tó máa bí sí, á sì ti múra sílẹ̀. Àmọ́ kó mọ̀ pé ìmúrasílẹ̀ lòun ń rà, kí ó má retí pé èsì máa tan ìṣòro.

Ẹ̀karùn-ún ni kí wọ́n fẹ́ra, kí wọ́n bí, kí wọ́n sì gba ohun tó bá dé pẹ̀lú ìmúra. Ọ̀nà yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí, torí òun ni ọ̀pọ̀ máa gbà nígbẹ̀yìn, ohun kan ṣoṣo tó sì ya ìmúra sọ́tọ̀ kúrò lára orí-burúkú-má-bá-mi ni ohun tí ẹ bá ṣe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ayé ọmọ.

Ọmọ SS kì í ṣàìsàn ní ọjọ́ tí wọ́n bí i. Irú ẹ̀jẹ̀ tí ara ọmọ fúnra rẹ̀ ń ṣe nígbà tó wà nínú oyún ṣì ń dáàbò bò ó fún oṣù bíi mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á wú, ibà á dé, ojú á pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Bí ẹnikẹ́ni kò bá mọ̀, kòkòrò kan lè wọ ẹ̀jẹ̀ ọmọ ní alẹ́, kí ó sì pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn onímọ̀ ìlera fojú díwọ̀n pé níbi tí kò sí àyẹ̀wò àti ìtọ́jú ní ilẹ̀ Áfíríkà, ó ju ìdajì ọmọ SS lọ tí kì í pé ọdún márùn-ún. Àmọ́ bí ẹ bá yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò ní kété tí ẹ bí i, tí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní penicillin lójoojúmọ́ láti oṣù méjì títí di ọdún márùn-ún, tí ẹ gba àjẹsára pé, tí ẹ fún un ní oògùn ìdènà ibà àti fọ́líìkì, ọ̀rọ̀ á yí padà. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà tó jáde ní 1986 fi hàn pé penicillin yẹn nìkan dín àkóràn inú ẹ̀jẹ̀ tó ń pa ọmọ SS kù ní ìdá 84 nínú 100. Oògùn tí kò wọ́n rárá ni! Lẹ́yìn náà ni hydroxyurea, tó ń dín kíráísísì kù tó sì ń dín ikú kù. Àyẹ̀wò orí tí wọ́n fi ìró ṣe, láti ọdún méjì sókè, ń sọ ọmọ tí rọpárọsẹ̀ fẹ́ kọ lù kó tó dé. Àwọn SS tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún wà láàárín wa. Wọ́n lọ sílé ìwé, wọ́n fẹ́yàwó, wọ́n lọ́kọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gba ọ̀nà karùn-ún, ẹ jókòó kẹ́ ẹ bi ara yín: ilé ìwòsàn tó ní ẹ̀jẹ̀ nílé jìn tó wákàtí mélòó sí ilé wa? Ta ló máa gbé ọmọ lọ ní aago méjì òru bí mọ́tò kò bá sí? Èló la lè yọ sílẹ̀ lóṣooṣù fún oògùn? Ta ló máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n bá dá ọmọ dúró sí wọ́ọ̀dù fún ọ̀sẹ̀ méjì? Bí ìkejì bá tún jẹ́ SS, ǹjẹ́ a máa dúró síbẹ̀? Ẹni tó ń gbé ní Lèkkì àti ẹni tó ń gbé ní abúlé tó jìn sí Ìséyìn lè gba ìdá 25 kan náà, kó sì jẹ́ pé ewu tí wọ́n gbà kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ìwòsàn pátápátá ńkọ́? Ó wà, àmọ́ kì í ṣe ohun tí a lè gbé ìpinnu ìgbéyàwó lé. Bí wọ́n bá fa mùdùnmúdùn egungun ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó bá ti aláìsàn mu sí i lára, ó lè bọ́. Àǹfààní pé ọmọ ìyá kan máa bá a mu jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin. Oògùn Casgevy, tó ń yí ìlànà kan padà nínú sẹ́ẹ̀lì, gba àṣẹ ní Ìlú Ọba ní oṣù kọkànlá 2023, ó sì gba ti Amẹ́ríkà ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Iye tí wọ́n fi lé e lórí ní Amẹ́ríkà jẹ́ mílíọ̀nù 2.2 dọ́là fún ẹnì kan. Mò ń sọ èyí nítorí àwọn tó ń sọ pé "kí a ṣáà bí, ìwòsàn ti dé". Ohun kan tún nìyí tí wọn kì í sọ: ẹni tó bá gba ìwòsàn wọ̀nyí, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló yí padà. Ẹyin tàbí àtọ̀ rẹ̀ kò yí padà. S ló ṣì máa fún ọmọ rẹ̀.

Èyí mú mi dé ọ̀rọ̀ àwọn tó ní Ọlọ́run ti yí jínótáìpù àwọn padà. Mo jẹ́ ẹni tó ń gbàdúrà, mo sì ń gbàdúrà lórí àwọn tó ń wá bá mi. Ṣùgbọ́n mo ti rí ìwé "àyípadà" bíi mẹ́ta, nínú gbogbo wọn, ìwé àkọ́kọ́ ló ní àṣìṣe. Bí wọ́n bá ní tiyín ti yí, ẹ fi HPLC wò ó níbi méjì. Òtítọ́ kì í sá fún ẹ̀rọ.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni àkókò. Ọ̀nà máa ń dínkù bí ọjọ́ ṣe ń lọ, èèyàn kì í sì í gbọ́ ariwo ilẹ̀kùn nígbà tó ń tì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tó mọ jínótáìpù rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà níwájú, ó tún ní àǹfààní láti béèrè kí ìfẹ́ tó wọ̀ ọ́ lára. Lẹ́yìn mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, ìtìjú ẹbí ti dí ọ̀nà kan. Lẹ́yìn tí oyún bá dúró, IVF ti lọ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, àyẹ̀wò inú oyún kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò mọ́. Lẹ́yìn ìbí, ìtọ́jú ọmọ nìkan ló kù, ẹni tó bá sì fi ìyẹn falẹ̀ títí oṣù kẹfà lè pàdánù èyí náà. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ló ń béèrè ìwé jínótáìpù kí wọ́n tó so èèyàn pọ̀, wọ́n sì ṣeun. Àmọ́ kí ìgbéyàwó ku oṣù kan kí wọ́n tó béèrè, wọ́n ti pẹ́. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́ ní kíláàsì ìjẹ́rìí-ìgbàgbọ́, kí mọ́ṣáláṣí náà béèrè ní ilé kéú, kí ilé ìwé girama béèrè ní ọdún kẹrin.

Àìyàn náà sì jẹ́ yíyàn. Àwọn kan á ní àwọn "ò tíì pinnu", wọ́n á máa fẹ́ra lọ, ọdún méjì á kọjá, oyún á dé. Wọ́n ti pinnu láti ọjọ́ yẹn. Wọn ò kàn sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n pinnu ni.

Àwọn méjì tí mo fi bẹ̀rẹ̀, mo ní kí wọ́n lọ ilé, kí kálukú jókòó lọ́tọ̀, kí ó kọ ohun tí òun ò lè gbà sílẹ̀. Kì í ṣe ohun tó fẹ́ o. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ tí kò ní lè gbé. Mo rí i pé ó rọrùn fún èèyàn láti mọ ibi tí kò lè gbà ju ibi tó wù ú lọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n padà wá. Ìwé àjákọ ọmọ iléèwé ni ọmọbìnrin náà mú dání. Ó ti kọ ọ́: "Mi ò lè máa wo ọmọ mi kó máa ké lóru kí n má rí nǹkan ṣe sí i." Ọmọkùnrin náà kọ tirẹ̀ sẹ́yìn káàdì ìpè ìgbéyàwó wọn: "Mi ò lè gbé ilé tí kò ní ọmọ mi nínú." Wọ́n ka ti ara wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ níwájú mi. Wọ́n dákẹ́ pẹ́. Ọmọkùnrin náà wá béèrè iye tí IVF ń ná ní kíkún, ọmọbìnrin náà béèrè bóyá òun ti dàgbà jù fún un. Ọdún 27 ni. Mo ní rárá.

Wọ́n ti sún ìgbéyàwó síwájú. Wọ́n ti fa ẹ̀jẹ̀ wọn fún àyẹ̀wò kejì ní láàbù mìíràn, èsì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn méjèèjì ló sì ní àwọn jọ ń bọ̀ wá gbà á.